Ìlú Amọ̀kòkò tí A Fi Ayọ̀délé Sí

Láti ọjọ́ tí èmi àti Màámi ti padà dé ni ẹ̀yin ará wa ní Houston ti ń bi mí pé, "Sister Ṣadé, báwo ni London?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín, màá ní London wà dáadáa. Irọ́ ni. A kò rí nǹkan kan ní London ju pápákọ̀ òfuurufú lọ. Ìlú kan ní àárín gbùngbùn England ni a lọ, ìlú tí ẹnikẹ́ni nínú yín kì í yà sí, níbi tí wọ́n ti ń mọ abọ́ àti ife láti ayé àwọn bàbá ńlá wọn. Ohun tí ojú wa rí níbẹ̀ kò ṣeé sọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ lè kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ má sì bi Màámi léèrè mọ́.

Ọmọ tí wọ́n ní ó kú

Gbogbo yín mọ̀ mí sí àkọ́bí ìyá mi. Èmi náà ka ara mi sí àkọ́bí tó wà láàyè títí mo fi lé ní àádọ́ta ọdún. Ohun tí wọ́n sọ fún wa nílé ni pé ọmọkùnrin kan wà ṣáájú mi, Ayọ̀délé, tí wọ́n bí sí England nígbà tí Bàbá wa ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ níbẹ̀, àti pé ó kú ní kékeré. A kì í dárúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí Bàbá kú ni Màámi wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Missouri City, lẹ́bàá Houston níbí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀ bíi pé ọ̀run ti ya, freeway ti di odò, kò sí ẹni tó lè jáde. Màámi ń gé ilá ní kíṣìnnì. Wọ́n gbé ọ̀bẹ kalẹ̀, wọ́n ní, "Ṣadé, Ayọ̀délé kò kú. A fi í sílẹ̀ ni."

Ẹ̀yin àgbà tó wà láàárín wa mọ bó ṣe ń rí láyé ìgbà náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó wà ní England máa ń gbé ọmọ wọn fún òyìnbó alágbàtọ́, kí ọkọ lè ráyè kàwé, kí ìyàwó lè ráyè ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ abọ́ ni Màámi ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń lẹ òdòdó mọ́ ara àwo. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni Ayọ̀délé nígbà tí wọ́n gbé e fún dẹ̀rẹ́bà bọ́ọ̀sì kan àti ìyàwó rẹ̀, tí Ọlọ́run kò fún ní ọmọ. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Màámi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ wò ó. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́ta ni wọ́n bí èmi. Èmi, wọn kò gbé mi fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá parí ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ń dúró dè wọ́n nílé. Ìyá alágbàtọ́ náà sunkún, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀ fún òun díẹ̀ sí i. Ogun ń jà nílé lọ́wọ́. Bàbá ní kí àwọn lọ fìdí kalẹ̀ ná, àwọn yóò ránṣẹ́ pè é. Ọdún kan di méjì, méjì di márùn-ún. Màámi kọ lẹ́tà mẹ́ta. Nígbà tí ó yẹ kí wọ́n kọ ìkẹrin, ìtìjú ti di wọ́n lọ́wọ́. Àwọn ẹbí sì ń béèrè ọmọ tí wọ́n gbọ́ pé wọ́n bí. Ni wọ́n bá ní ó ti kú.

Tómi ọmọ mi ló wá a rí. Ọ́fíìsì kan ní The Woodlands ló ti ń ṣiṣẹ́. Àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ló fi wá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kiri lórí kọ̀ǹpútà. Ó rí àwòrán kan tí àwọn tó ń tún ògbólógbòó bọ́ọ̀sì ṣe gbé jáde: ọkùnrin dúdú kan tí orí rẹ̀ ti funfun, ó dé fìlà dẹ̀rẹ́bà, ó dúró ti bọ́ọ̀sì alájà méjì kan. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Dennis nìyí, ọmọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí dẹ̀rẹ́bà ìlú wọn kan tọ́ dàgbà, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún bọ́ọ̀sì tí bàbá rẹ̀ wà ṣe. Tómi kọ̀wé sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó fèsì ní ìlà méjì péré: "Mo máa ń wa bọ́ọ̀sì ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù. Ẹnikẹ́ni ló lè wọ̀ ọ́."

Èmi rò pé ilẹ̀kùn ló tì yẹn. Ṣùgbọ́n Màámi ní kí Tómi kà á lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Ẹ ò gbọ́? Ó ní ká máa bọ̀."

Wọ́n ń pè wá ní pẹ́pẹ́yẹ

A fi Houston sílẹ̀ nínú ooru tó ń bó èèyàn lára. Nígbà tí a dé ìlú àwọn amọ̀kòkò, kóòtù ni a wọ̀, oṣù kẹfà sì ni. Òjò ibẹ̀ kì í rọ̀ bíi tiwa, tí yóò bínú, tí yóò sì dá. Ó kàn ń sẹ̀ ni, láti àárọ̀ títí, bíi omijé ẹni tí kò ní ẹni tí yóò pẹ̀ ẹ́.

Ilé obìnrin opó kan tó ń jẹ́ Jean ni a dé sí. Kí a tó gbé ẹrù kalẹ̀, ó ti ní, "Ẹ wọlé, pẹ́pẹ́yẹ mi, ẹ wá jókòó." Mo wo Màámi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn níbí nìyẹn. Ìfẹ́ ni." Lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe gbogbo wa: olówó, tálákà, àlejò, onílé. Ẹni tó ta búrẹ́dì fún wa pè mí ní pẹ́pẹ́yẹ. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ìdíkọ̀ náà pe Màámi bẹ́ẹ̀.

Jean gbé oúnjẹ wá. Ohun kan tó fẹ̀, tó sì rọ̀, tí wọ́n fi ọkà dín lórí irin, wọ́n ká a mọ́ wàràkàṣì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Èmi jẹ ẹ́ bí àlejò ṣe ń jẹun. Màámi jẹ méjì tán, wọ́n pọ́n ìka lá. Kí Jean tó da tíì, ó yí ife dojú dé, ó fi ìdí rẹ̀ hàn wá kí a rí àmì ilé-iṣẹ́ tó mọ ọ́n. Ó ní bí àwọn ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí ọmọ ìlú àwọn bá dé ilé oúnjẹ ní ibikíbi láyé, yóò kọ́kọ́ yí àwo wò bóyá ọ̀dọ̀ àwọn ni wọ́n ti mọ ọ́n. "Nígbà kan, ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá," ó ní. "Nísinsìnyí, òkè òkun ni."

Ó bi mí pé ibo ni mo ti wá. Mo ní Houston. Ó ní, "Rárá, ibo gan-an?" Mo ní ìlú yín yìí gan-an ni wọ́n bí mi sí. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni mo ń ṣe. N kò tún un ṣe fún un.

Nígbà tí a jáde, ìlú náà ká mi lára. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí fèrèsé wọn ti fọ́, ilé ìtajà tí wọ́n fi pákó kàn pa. Láàárín wọn ni àwọn ààrò àtijọ́ tí wọ́n fi ń sun abọ́ dúró sí, bíríkì ni wọ́n fi mọ wọ́n, ikùn wọn tóbi bíi akèrègbè, ọrùn wọn gùn sókè. Koríko ń hù lẹ́nu wọn. Màámi ní láyé àwọn, èéfín àwọn ààrò wọ̀nyí ni kì í jẹ́ kí èèyàn rí oòrùn. Bí wọ́n bá sá aṣọ funfun, dúdú ni wọ́n ń ká a wọlé. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Pasadena, níbi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì, òórùn ibẹ̀ ló máa ń bá a wọlé, mo sì máa ń kùn. Níwájú àwọn ààrò tó ti kú wọ̀nyẹn, mo ronú pé ohun tó burú ju èéfín lọ wà.

Òdòdó ara àwo

Ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n ti sọ di ibi ìwòran. Ní ọjọ́ Sátidé a lọ síbẹ̀. Ọkùnrin kan ń mú wa kiri, ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń po amọ̀, bí wọ́n ṣe ń tò ó sínú ààrò. Nígbà tí a dé yàrá gígùn kan tó ní fèrèsé púpọ̀, Màámi dúró. Wọ́n di ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wọn mú ṣinṣin. Wọ́n ní, "Ibí ni."

Ọkùnrin náà ń fi hàn wá bí àwọn obìnrin ṣe ń rẹ bébà òdòdó sínú omi, tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwo. Òdòdó tirẹ̀ ká jọ. Màámi ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Wọ́n jókòó, wọ́n ti ọwọ́ bọ omi. Ọwọ́ tí kì í lè gbé síbí dúró jẹ́ẹ́ ní Missouri City, n kò rí i kó gbọ̀n. Òdòdó náà yọ̀ kúrò lórí bébà, ó lẹ̀ mọ́ ara àwo láìká jọ rárá. Àwọn tó dúró pàtẹ́wọ́. Inú ọkùnrin náà dùn débi pé ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá.

Ó bi Màámi pé, "Ayé ìgbà náà dùn, àbí?"

Màámi kò wò ó. Yorùbá ni wọ́n sọ, sínú àwo yẹn: "Orí àga yìí ni wàrà ti ń ṣàn láti ọmú mi sínú aṣọ mi, tí ọmọ mi sì wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn."

Ọkùnrin náà kọjú sí mi pé kí ni wọ́n wí. Mo ní, "Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dùn."

Bọ́ọ̀sì ọjọ́ Àìkú

Láti aago márùn-ún ìdájí ni Màámi ti wọṣọ. Wọ́n yan gèlè tó rọrùn, wọ́n tú u, wọ́n tún un wé. Jean fi mọ́tò gbé wa dé pápá tí àwọn ògbólógbòó bọ́ọ̀sì náà pé jọ sí. Àwọn àgbàlagbà ọkùnrin ń nu irin wọn bí ẹni ń wẹ ọmọ. Ẹlòmíràn dúró nínú òjò, ó kàn ń gbọ́ bí ẹ́ńjìn ṣe ń ró, ojú rẹ̀ ń dán.

Bọ́ọ̀sì tí a wá wò jẹ́ pupa, ìlà funfun wà lára rẹ̀. Dẹ̀rẹ́bà rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ran àwọn èrò lọ́wọ́ gòkè. Mo rí i. Ojú Bàbá wa ni: iwájú orí tó yọ, etí tó lẹ̀ mọ́ orí, àti bí Bàbá ṣe máa ń gbé èjìká kan sókè ju èkejì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ó yẹ kí n máa sọ pé "wọ́n" bí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ èyí. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi pa á tì.

Kò sí obìnrin dúdú mìíràn níbẹ̀ ju àwa méjì lọ. Ó mọ̀ wá. Ó wò mí, ó wo Màámi, ó sì gbé ojú sílẹ̀ wo àtẹ̀gùn. Ó di apá Màámi mú, ó ní, "Ẹ rọra, pẹ́pẹ́yẹ mi, ibẹ̀ ga díẹ̀." Ohùn kan náà ló fi bá obìnrin òyìnbó tó wà níwájú wa sọ̀rọ̀.

A jókòó nísàlẹ̀. Kọ́ńdọ́ bọ́ọ̀sì náà, bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Keith, fi ẹ̀rọ kékeré kan kọ́ àyà; ó yí ọwọ́ rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì jáde. Bọ́ọ̀sì náà gbéra. Kí Keith tó dárúkọ ibùdókọ̀ kan, Màámi ti dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní, "Níbí ni ilé oníbàtà wà. Níbí ni mo ti máa ń yọ dígí, kí n tún ojú ṣe, kí ọmọ má baà rí i pé mo sunkún." Ilé oníbàtà kò sí mọ́. Pápá koríko ló wà níbẹ̀.

Níwájú ilé onílẹ̀kùn àwọ̀ ewé

Níbi tí ọ̀nà bọ́ọ̀sì náà parí sí, gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀ lọ mu tíì nínú gbọ̀ngàn kan. Dẹ̀rẹ́bà kò lọ. Ó dúró ti imú ọkọ̀, ó ń nu ohun tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. A rìn lọ bá a.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Èmi ni Fọláṣadé. Bọ̀dá Délé..."

"Dennis," ó ní. Kò pariwo. Ó nà ọwọ́ sí òdìkejì títì, sí ilé kékeré kan tó ní ilẹ̀kùn àwọ̀ ewé. "Ilé náà nìyẹn. Fèrèsé òkè yẹn ni mo máa ń dúró sí ní ọjọ́ Àìkú, kí n lè rí bọ́ọ̀sì tí ẹ máa bá wá. Bàbá mi ló sábà máa ń wà á. Nígbà tí ẹ ò wá mọ́, mo ṣì ń dúró. Mọ́mì mi wá sún bẹ́ẹ̀dì mi kúrò nídìí fèrèsé."

Màámi ń wo fèrèsé náà.

Ó ní, "Ìbéèrè kan ni mo ní. Mi ò ní ju ọ̀kan lọ." Ó wá kọjú sí mi, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni ń wo ẹrù ẹlòmíràn. "Kí ló dé tó fi jẹ́ òun ni ẹ mú lọ?"

Màámi gbé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní ilé-iṣẹ́ abọ́ jáde, díẹ̀díẹ̀. "Ó ṣì ń mu ọmú. Ìwọ ti ní ẹni tí ò ń pè ní Mọ́mì. Lọ́jọ́ tí mo wá gbé ọ, o ké, o na ọwọ́ sí i. Bàbá rẹ ní ká lọ ná, a ó ránṣẹ́ pè ọ́. Ojú wá tì mí."

Ó mi orí. Ó fi aṣọ tó fi ń nu ọkọ̀ nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé ó ti tán. Ó tún ní, "Àwọn ará ilé yín ńkọ́? Wọn ò béèrè mi?"

Mo fa aṣọ Màámi lẹ́yìn. Mo bẹ Ọlọ́run nínú mi kí wọ́n purọ́. Wọn kò purọ́.

"A sọ fún wọn pé o kú."

Láti inú gbọ̀ngàn, a ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń fi síbí ro ṣúgà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, nígbà náà."

Ni Màámi bá fi ọ̀pá wọn sílẹ̀. Wọ́n di ara bọ́ọ̀sì náà mú, wọ́n tẹ orúnkún kan, wọ́n tẹ èkejì, wọ́n kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà tútù níwájú rẹ̀, wọ́n sì tẹ orí ba.

Kò sí ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin. Ìyá kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ. Ọjọ́ ìrọbí nìkan ni ó ń kúnlẹ̀ nítorí rẹ̀, ìkúnlẹ̀ yẹn ni a sì fi ń bẹ ẹni tí gbogbo ẹ̀bẹ̀ ti kùnà lọ́dọ̀ rẹ̀. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló tún kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, lójú mi.

Dennis figbe ta. "Keith! Ó ti ṣubú! Gbé àpótí oògùn wá, kí o gbé àga dání!" Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ apá Màámi, ó gbé wọn dìde pẹ̀lú ìrọ̀rùn, bí ẹni tó ti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú èrò. "Ṣé ẹ farapa, pẹ́pẹ́yẹ mi? Ilẹ̀ yìí máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀." Ó gbọn iyanrìn kúrò lára ìró wọn. Ó bojú wò mí. "Ṣé ó máa ń ṣe wọ́n báyìí?"

Ó yẹ kí n sọ fún un. Èdè méjèèjì wà lẹ́nu mi, kò sí ẹlòmíràn nínú ìlú yẹn tó lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá sọ ọ́, tí ó yé e yékéyéké, tí ọkàn rẹ̀ kò sì yí padà, kí ló tún kù tí Màámi lè ṣe?

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Orúnkún wọn ni."

Màámi gbọ́ mi. Wọ́n wò mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì jókòó sórí àga tí Keith gbé wá, wọ́n jẹ́ kí ó fi báńdéèjì dì wọ́n lórúnkún.

Nígbà tí a padà dé pápá, Dennis sọ̀ kalẹ̀ wá bọ̀ wá lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Mi ò bínú sí yín. Ṣùgbọ́n mo ti ní ìyá. Itẹ́ òkú orí òkè yẹn ló wà, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń lọ tún ibẹ̀ ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀wé mọ́." Lẹ́yìn náà àwọn èrò tó kàn bẹ̀rẹ̀ sí tò, ó sì lọ di apá obìnrin kan mú.

Houston

Nígbà tí a jáde sínú ooru wa, Tómi sáré wá dì mọ́ Màámi, ó ní, "Grandma, how was he?" Wọ́n ní, "Ó sanra. Ó ń jẹun dáadáa." Láti ọjọ́ náà, wọn kò dárúkọ rẹ̀. Bí mo bá bu ọbẹ̀ fún wọn, wọn yóò tọ́ ọ wò, wọn yóò gbé e tì. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n nítorí ohun tí mo sọ fún Dennis. Wọ́n ní kí n dìde, pé kò sí ohun tí mo ṣe. Ìbá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Orúnkún wọn wú. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbé wọn lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà tuntun kan. Nọ́ọ̀sì, ọmọbìnrin aláàánú kan, ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ó bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí.

Mo ti la ẹnu láti dáhùn. Màámi ní, "Mẹ́rin."

Ọmọbìnrin náà kọ orúkọ mi, ó kọ ti Túnjí tó wà ní Èkó, ó kọ ti Bísí tó wà ní Dallas. Ó ní ó ku ẹnìkan.

"Ayọ̀délé," Màámi ní. "Òun ni àkọ́bí. Ó ń wa bọ́ọ̀sì."

"Ṣé ó ní nọ́ńbà fóònù, tí a lè pè é bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀?"

Màámi kọjú sí mi. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lábẹ́ ìlà méjì tó kọ sí Tómi, mo sì ti fi pa mọ́ sínú fóònù mi kí a tó rìnrìn-àjò.

Mo ní kò sí.

Nọ́ọ̀sì náà fa ìlà sí ojú àyè yẹn, ó sì bi Màámi bóyá orúnkún ọ̀tún ló ń dùn wọ́n jù, tàbí ti òsì. Màámi ní méjèèjì ni.